Wọ́n Nà Wá Nílé Wa

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ pé obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó gba yàrá kan ní Woolwich, tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń kú fún ní Amẹ́ríkà, ohun tó máa kọ́kọ́ rò ni pé òtútù ti wọ̀ mí lórí. Ìyá mi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn lórí fóònù, wọ́n bi mí pé ṣé London ni mo ṣì wà, pé kí n má purọ́ fún àwọn, pé bí wọ́n bá ti lé mi kúrò níbẹ̀ kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn lè bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Fún ẹni tí Ọlọ́run ti yọ nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí eré náà ṣe rí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sí orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sá lọ. Bọ́ọ̀lù náà kò rí roboto bíi ti ẹni gbogbo, ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Mọ́kànlá dúró níhìn-ín, mọ́kànlá dúró lọ́hùn-ún, gbogbo wọn dé akoto, wọ́n ki tìmùtìmù sí èjìká, ara wọn sì fẹ̀ débi pé bí ẹyọ kan nínú wọn bá wọ bọ́ọ̀sì Thamesmead, ẹni mẹ́ta ló máa ní láti sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ kò ju kí wọ́n gbé ìbẹ́pẹ yìí síwájú ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì fún wọn láǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbìyànjú ẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá! Ìyá mi tí orúnkún ń dùn á ti rìn ín dé ibẹ̀, wọ́n á sì ti jókòó. Àwọn wọ̀nyí á gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á máa ṣubú lé ara wọn lórí, nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n á fi ẹsẹ̀ ara wọn gbá bọ́ọ̀lù náà fún ọ̀tá, àwọn èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gbá a.

Wákàtí kan ni aago pápá wọn máa ń kà. Ẹ má gbà á gbọ́. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ, nítorí pé bí wọ́n bá ti sáré fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi ń sín, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró, kí wọ́n dìmọ́ ara wọn, kí wọ́n ṣèpàdé. Bí ìpàdé bá parí, ó di ìpolówó ọjà. Bí ìpolówó ọjà bá parí, rẹfirí á ju áńkáṣíìfù yẹ́lò sílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnìkan ti ṣẹ̀, àwọn rẹfirí náà á wá kó ara wọn jọ láti ṣèpàdé tiwọn. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọdún mẹ́ta, n kò rí irú ìpàdé báyìí rí.

Daddy tí mò ń tọ́jú ló kó o ràn mí. Wọn kì í ṣe bàbá mi. Bí a ṣe ń pe ọkùnrin tó bá ti dàgbà níbí nìyẹn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n ń dá gbé ní South Thamesmead, nínú fúláàtì ìsàlẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n kàwé ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí yìnyín ti máa ń sé ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àrùn bọ́ọ̀lù yìí. Wọ́n kó wá sí London, wọ́n wa bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sin ìyàwó wọn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ ìlú yẹn, ẹgbẹ́ tí kò gba ife kankan láti ìgbà tí èmi ti dáyé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ dé. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó sì kó gbogbo Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ. Yorùbá nìkan ló kù fún wọn, àti ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, “táṣídáùn,” tí wọ́n máa ń pariwo bí ẹgbẹ́ wa bá ti gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá. Bí ẹgbẹ́ wa sì ṣe ń ṣe sí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì sú wọn.

Nítorí Yorùbá yẹn ni ọ́fíìsì wa ṣe fi mí síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń lọ, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, àfi ọjọ́ Àìkú tí ẹlòmíràn máa ń bá mi lọ ní àárọ̀ àti ọ̀sán, n kì í sì í lò ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ìgbà yẹn Daddy nìkan ló ń wà nílé. Ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà yìí gan-an ló di wàhálà. Nígbà tí ooru ṣì ń mú, Daddy ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, káńsù sì kọ̀wé pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn máa jókòó sọ̀rọ̀ lórí bóyá kí Daddy kó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Luton, fara mọ́ ọn. Daddy kò fara mọ́ ọn rárá. Morris Walk ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ní Woolwich lọ́hùn-ún, káńsù kó wọn kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà.

“Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo tún ń kó lọ,” ni Daddy máa ń wí fún mi, “káńsù ò sì ní mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹ̀bi tèmi. Bí mo bá ti parí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ní láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fóònù, ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ́fíìsì lè kà á. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ “he.” Mo ti lu ọmọ nítorí “he” rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ṣùgbọ́n “he” ni “ó.” Ta ni mí tí n óò fi máa kọ pé ó ti jẹun, ó ti yàgbẹ́, ó kọ̀ kò wẹ̀, nípa ẹni tó ju bàbá mi lọ? Ọwọ́ mi kò gbà á. Mo ń fi “the client” ṣe é bọ̀ títí di ọjọ́ tí a ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, tí olùkọ́ wa sọ pé nílùú yìí ẹnìkan ṣoṣo lè jẹ́ “they,” pé ọ̀wọ̀ ni. Inú mi dùn gan-an. Mo ní, a dúpẹ́ o, àwọn òyìnbó náà ti wá ní ẹ̀kọ́ ilé. Láti ọjọ́ yẹn, Daddy di “they” nínú fóònù mi.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́bọ̀ lọ́hùn-ún, àwa ti sùn níhìn-ín, tẹlifíṣọ̀n Daddy ló máa ń gbà á sílẹ̀ dè wá, a ó sì fo gbogbo ìpàdé àti ìpolówó ọjà rẹ̀ kó lè parí kí n tó lọ. Òfin Daddy ni pé n kò gbọdọ̀ mọ bó ṣe parí kí n tó dé. Torí náà ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich pẹ̀lú fóònù mi nísàlẹ̀ báàgì, tí mo ń di etí bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Amẹ́ríkà. Mo wẹ̀ wọ́n, mo wọṣọ fún wọn, a sì jókòó ti ọ́ọ̀tì. Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa ló gbá a, nítorí náà a gbádùn ẹ̀. Kóòṣì ọ̀kan nínú wọn ń fi páálí bo ẹnu kí ọ̀tá má bàa mọ ohun tó ń gbèrò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí ohunkóhun ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

“Kí ló wá ń bò mọ́lẹ̀?” ni Daddy bi mí. “Ṣé òfìfo ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí tí tíì mi fi dà sílẹ̀. Nínú fóònù, mo kọ pé wọ́n jẹun tán, inú wọn dùn. Bí gbogbo ọ̀sẹ̀ náà bá rí báyẹn, kì bá sí ìtàn.

Ọjọ́ Àìkú ni tiwa. Ṣọ́ọ̀ṣì jáde ní aago mẹ́ta, mo jẹun, mo wọ yúnífọ́ọ̀mù búlúù mi, mo sì dé ọ̀dọ̀ Daddy ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi máa ń parí sí lọ́jọ́ Àìkú, torí náà bí mo bá ti ṣe ohun gbogbo tán, kò sẹ́ni tó ní kí n má jókòó. Mo gbé ẹ̀pà mi jáde. Nílé wa ni wọ́n ti ń gbá a, ìyẹn ni pé ní ìlú ẹgbẹ́ wa, níwájú àwọn èèyàn wa. Àwọn kan ti kun ojú, àwọn mìíràn sì bọ́ ẹ̀wù nínú òtútù láti fi hàn pé àwọn fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ju ẹ̀dọ̀fóró àwọn lọ. Àwọn àlejò wọ búlúù láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Olórí àwọn tiwa, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí owó oṣù rẹ̀ lè tún gbogbo títì Abẹ́òkúta ṣe, ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sọ́wọ́ aláṣọ búlúù. Ọ̀nà wà níwájú rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ ń juwọ́ sí i, aláṣọ búlúù ló wù ú. Nígbà tó yá, àwọn aláṣọ búlúù wá a lọ fúnra wọn, wọ́n gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta kò tètè dìde, ó jókòó sórí koríko, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá a, tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé yìí ju kó fi ẹsẹ̀ gbá a, gbá a lu òpó. Daddy ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga.

“Ṣé o rí i? Ṣé o rí i báyìí? Bí èmi náà bá gbá a, mo máa gbá a wọlé!”

“Ẹ máa gbá a wọlé dáadáa, sà.”

“Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro mí yìí!”

Kó tó di pé eré parí, omi ti ń bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà tí àìsàn ti ṣe wọ́n, omi kì í jìnnà sójú wọn mọ́, ìbínú ló fa tọjọ́ yẹn. Wọ́n ti abọ́ ìrẹsì sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò jẹ. Èmi náà ń bínú. N kò rí ẹgbẹ́ yẹn lójú rí, n kò mọ ibi tí ìlú náà wà nínú àwòrán ayé, ṣùgbọ́n ọkàn mi bàjẹ́ bí ẹni pé wọ́n já mi kulẹ̀ níwájú àwọn àna mi. Mo sì fi ìbínú yẹn kọ àkọsílẹ̀: “They were beaten very badly, at home. They fell three times. They cried. They refused food.” Lójú tèmi, ó yé ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n nà nílé, olórí wa ló ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Daddy ló sunkún, Daddy ni kò jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo pàdé ọ̀rẹ́ mi kan ní Powis Street, nọ́ọ̀sì ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni à ń lọ. Ó ní ojú mi ò dáa. Mo ní, “A pàdánù lánàá.” Ó gbá ọwọ́ mi mú lójú ẹsẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run tu wá nínú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà láàárín ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá sì ń yà fún wa. Ó ti dé ibi tó ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí ikú tún yà sí ilé wa kí n tó rí àyè sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ dé ẹnu ilé-ìtajà tó ń lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan bàjẹ́. A ní bọ́ọ̀lù ọjọ́ Ajé láti wò. Mo ti tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní pálọ̀, mo gbé Daddy jókòó sórí àga balùwẹ̀, mo ní kí wọ́n dúró kí n mú aṣọ ìnura. Orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ló dún. Daddy gbọ́ ọ, wọ́n sì dìde fúnra wọn. Ìró tí mo gbọ́ kò le púpọ̀, bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá yọ̀ lára ògiri. Mo bá wọn nílẹ̀ láàárín àga àti ògiri, wọ́n jókòó, ọwọ́ òsì wọn di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ibi tó wú. Mo gbé wọn dìde.

“Má kọ ọ́,” ni Daddy wí.

“Daddy.”

“Mo bẹ̀ ọ́. O mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Má kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́, sà. “Mo ti gbọ́” kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Daddy náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni iṣẹ́, mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò kọ balùwẹ̀ sí i. “They fell this morning. No injury,” ni mo kọ, mo sì kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà tẹ̀lé e, tó gùn, tó kún. N óò máa purọ́ bí mo bá ní n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má sì rí i.

Wọ́n rí i. Ní Ọjọ́rú ni ọ́fíìsì pè mí. Ọ̀gá wa kò kí mi. Ó ka àkọsílẹ̀ mi sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń tutù sí i bó ṣe ń kà á lọ, ó wá bi mí pé ta ló na ẹni tí mò ń tọ́jú nínú ilé ara rẹ̀, pé báwo ló ṣe ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo ní bọ́ọ̀lù ni. Ó ní bọ́ọ̀lù wo? Mo ní ti Amẹ́ríkà. Ó bi mí bóyá mò ń fi òun ṣeré ni. Ó ní kí n má tíì padà lọ síbẹ̀, pé obìnrin káńsù ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti ṣèwádìí, àti láti sọ̀rọ̀ lórí ibi tí Daddy máa gbé.

Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, a jókòó sí pálọ̀ Daddy. Obìnrin káńsù wà níbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì àti àkọsílẹ̀ mi tó ti tẹ̀ sórí ìwé. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, kò wò mí. Ọmọbìnrin Daddy ti wakọ̀ dé láti Luton, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ wọn tó ti rọ mú. Obìnrin káńsù ní èmi tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ Daddy, ọmọ wọn ni kó túmọ̀ ẹ̀. London ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Yorùbá rẹ̀ dáa fún ẹni tí wọ́n bí síbí, ṣùgbọ́n kò sí “ẹ” ti ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀ rárá.

“Daddy, they want to know,” ló wí. “Ta ló nà ẹ?”

Mo gbọ́ “nà ẹ” yẹn, ara mi bù máṣọ. Daddy wò ó.

“Ìgbà wo?”

“On Sunday. Lọ́jọ́ Àìkú.”

Daddy mí kanlẹ̀. “Má rán mi létí. Wọ́n nà wá nílé wa.”

Ọmọ náà yíjú padà sí obìnrin káńsù. Ó túmọ̀ ẹ̀: wọ́n nà wá, nínú ilé wa. Obìnrin káńsù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó bi wọ́n bóyá mo wà níbẹ̀.

“Was she there? Obìnrin yìí, ṣé ó wà ńbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Ó jókòó síbi tó jókòó sí yẹn, ó ń wò wọ́n. Ó ń jẹ ẹ̀pà.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ọmọ náà túmọ̀ ẹ̀pà náà pẹ̀lú, kò fo ọ̀kan. Ọ̀gá mi wá wò mí báyìí. Obìnrin káńsù bi wọ́n pé báwo ni àwọn tó nà wọ́n ṣe rí.

“Aláṣọ búlúù ni gbogbo wọn,” ni Daddy wí.

Ẹni mẹ́ta yíjú sí yúnífọ́ọ̀mù mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rántí físà mi, mo rántí ìyá mi tó ti múra àdúrà sílẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì obìnrin náà ń sáré.

“How many, Daddy? Wọ́n tó mélòó?”

“Wọ́n á ti tó mélòó? Mọ́kànlá.”

“Eleven,” ni ọmọ náà wí, pẹ́ẹ̀nì sì dúró. Obìnrin káńsù gbé ojú sókè, ó wo pálọ̀ náà, àga méjì, tábìlì kan, àti ibi tóóró tó kù. Ọmọ Daddy náà ń wò ó. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ìgbà èwe rẹ̀ ni Daddy fi bọ́ọ̀lù yìí bà jẹ́ fún un, wọn kì í jẹ́ kó wo ohun tó fẹ́.

“Daddy, ṣé football ni? Is this football?”

“Kí lo rò pé à ń sọ láti àárọ̀?”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n wá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé “wọ́n,” mo ṣàlàyé “they,” mo ní ọ̀wọ̀ ni, mo ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ́fíìsì wa ló fún mi láyè, ọ̀gá mi sì wo bàtà rẹ̀. Obìnrin káńsù náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ó ní kí n jọ̀ọ́, láti òní lọ, kí n máa kọ “he.” Ó mú pẹ́ẹ̀nì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi lé àkọsílẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n nà nílé: bọ́ọ̀lù. Ó fagi lé e. Ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta: bọ́ọ̀lù. Ó fagi lé e. Ó dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. “They fell this morning.” Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ bó ṣe ń gbé pẹ́ẹ̀nì lé e, ó ní, “Èyí náà, bọ́ọ̀lù.”

Kò bèèrè. Mo gbójú sókè, Daddy ń wò mí. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí pẹ́ẹ̀nì dé. Wọn ò ṣẹ́jú sí mi, wọn ò mi orí. Wọ́n kàn ń wò mí.

Kí n dákẹ́ nìkan ló kù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iṣẹ́ yìí máa bẹ̀ mí pé kí n má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìró àpò ìrẹsì yẹn ló wá sí mi létí. Mo rò ó pé aago mẹ́sàn-án ni mò ń kúrò, aago kan ni mò ń padà dé, bí Daddy bá ṣubú ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á wà lórí símẹ́ǹtì tútù yẹn títí di ọ̀sán, ọwọ́ kan kò lè gbé wọn dìde. Mo rò ó pé èmi ni n óò ṣílẹ̀kùn bá wọn.

“Kì í ṣe bọ́ọ̀lù,” ni mo wí. Mo wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó lè yé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. “He fell. In the bathroom. Daddy ni.”

Ẹ̀rín tán. Obìnrin káńsù mú ìwé mìíràn. Kò bínú sí mi, ọ̀gá mi náà kò bínú, ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbẹ̀yìn pé mo sọ òótọ́. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ kí wọ́n tó parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n pè é, wọ́n ní kí Daddy lọ gbìyànjú ilé ìtọ́jú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí èmi ṣì máa lọ tọ́jú wọn títí dìgbà náà, kò sì sí ẹni tó wà nínú pálọ̀ yẹn tí kò mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà túmọ̀ sí. Ọmọ wọn ló sọ ọ́ fún wọn, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

“Ṣé tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀?” ni Daddy bi í.

“Ó wà ńbẹ̀, Daddy. Big one, nínú sitting room. Everybody ló ń wò ó.”

Daddy yíjú sí fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní mo ṣe dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì ní mo ṣe ohun tó tọ́, pásítọ̀ ní ẹ̀rí ọkàn mi mọ́. Mo gbà fún wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa lọ kí Daddy láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi lọ. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́jú, fóònù mi wà nísàlẹ̀ báàgì, n kò mọ bó ṣe parí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe máa ń ṣe. Daddy ti jí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, “Káàárọ̀, ọmọ mi” ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ni Daddy wí. “Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí. “Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.”

“Kí ni mo ṣe fún yín, mà?”

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn rárá, bí èèyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni. Mo wẹ̀ wọ́n. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì, Daddy na ọwọ́ òsì sí mi, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ti ọ̀tún wọ inú apá aṣọ, mo dé bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọrùn.

“Ẹ ṣé, mà,” ni Daddy wí.